Kì í Ṣe Àbíkú: Ohun Tí Fíìmù Méjì Là Mí Lójú Sí Nípa Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde

   Akọ̀wé yín náà ló tún dé.

Ẹ ó rántí pé ariwo ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wa tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹnì kan dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ yéé dá owó ìrànlọ́wọ́ fún un, pé àbíkú kì í gba ìtọ́jú, pé kí ẹ tiẹ̀ bi ìyá ọmọ náà léèrè ohun tó fi àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣe. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé bí wọ́n ṣe sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo sọ fún Ìyálọ́jà, wọ́n ní kí n lo ojú ìwé tèmi lọ́tẹ̀ yìí láti ṣàlàyé ohun tí àìsàn náà jẹ́, kí a tó tún jókòó lé e lórí.

Èmi alára, inú fíìmù ni ojú mi ti kọ́kọ́ là sí i. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ló gbé fíìmù náà wá fún mi wò. Strain ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2020 ni wọ́n ṣe é níbí ní Nàìjíríà. Uduak-Obong Patrick ló darí rẹ̀. Bímbọ́ Akíntọ́lá àti Sàídì Balógun tí gbogbo wa mọ̀ wà nínú rẹ̀, Okey Uzoeshi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tọkọtaya kan ni, tí nǹkan ń lọ déédéé fún, àfi bí àìsàn ṣe kọlu ọmọ wọn, tí wọ́n sì sọ fún wọn ní ọsibítù pé SS ni. Ilé tó tòrò dàrú. Ìnira ni ìtumọ̀ orúkọ fíìmù náà, ìnira ọ̀hún sì pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fíìmù tí ẹ ó wò tí ẹ ó kàn sunkún lásán. Wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ fún ikú.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé àìsàn náà. Àwọn oníròyìn rédíò máa ń pè é ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé bí òní bá rí bí ikú, ọ̀la lè rí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní síkúlà. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ẹ ń rí yẹn, hóró kéékèèké ló pọ̀ nínú rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Nínú ara ẹni tó pé, hóró yìí rí roboto bíi bọ́tìnnì, ó rọ̀, ó lè gba ojú ihò tó há kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú lọ sí gbogbo ara. Lára ọmọ tó jẹ́ SS, tí afẹ́fẹ́ bá ti dín nínú rẹ̀, hóró náà á le, á sì tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Ohun tó bá tẹ̀ báyìí kì í yí geere mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìtawurẹ́ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n kọjá, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ọkọ̀ àjàgbé bá dábùú títì. Ẹni tó ń gbé tòmátì bọ̀, tòmátì rẹ̀ á jẹrà sójú ọ̀nà. Ẹni tó ń dúró de ọjà lódìkejì, ebi á pa á. Bí àwọn hóró náà ṣe ń dábùú òpó ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé nínú eegun, ibẹ̀ ni ọmọ á máa ké lé lórí. Ìrora náà kì í ṣe ẹ̀tàn o. Ọmọ mi sọ pé àwọn tó ti rọbí, tí wọ́n sì tún ní àrùn yìí, sọ fún òun pé ìrora eegun yìí ju ti ìrọbí lọ nígbà mìíràn. Ohun kejì ni pé hóró ẹ̀jẹ̀ tó dára máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ bíi dòjé kì í ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń tán lára wọn, tí ojú wọn fi máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tó ní ibà pọ́njú.

Ibo ló ti ń wá? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀wà funfun 2 àti ẹ̀wà dúdú 2. Fún bàbá ní funfun 1 àti dúdú 1 sọ́wọ́. Fún ìyá náà ní funfun 1 àti dúdú 1. Bàbá yìí àti ìyá yìí ni à ń pè ní AS. Ara àwọn méjèèjì le, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn, wọn kò mọ̀ pé dúdú wà lọ́wọ́ wọn. Ní báyìí, kí kálukú di ojú, kó mú ẹyọ kan jù sínú àwo. Ohun tó bá bọ́ sínú àwo, òun ni ọmọ. Bó bá jẹ́ funfun méjèèjì, AA ni ọmọ náà. Bó bá jẹ́ funfun kan àti dúdú kan, AS ni, bíi ti òbí rẹ̀. Bó bá jẹ́ dúdú méjèèjì, SS nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́rin ló lè gbà bọ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni AA, méjì ni AS, ọ̀kan ni SS.

Nígbà tí mo ṣe é fún ìyá kan lábẹ́ àtíbàbà wa, ó ní, "Akọ̀wé, ó dáa, bí àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, ṣé àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn?" Rárá o. Gbogbo ìgbà tí oyún bá dé, kálukú á kó ẹ̀wà rẹ̀ padà sọ́wọ́, á tún di ojú mú. Oyún kì í rántí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹlòmíràn á bí márùn-ún tí kò ní kan SS. Ẹlòmíràn á bí mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ SS. Ẹ tún gbọ́ o: C náà wà, tó pọ̀ díẹ̀ láàárín àwa Yorùbá. Bí ọmọ bá gba S lọ́dọ̀ ẹnì kan, tó gba C lọ́dọ̀ ẹnì kejì, SC nìyẹn, àìsàn ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń fúyẹ́ ju SS lọ.

Ṣé ẹ rí i báyìí pé kò sí bí obìnrin nìkan ṣe lè fún ọmọ ní SS? Dúdú kan gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bàbá wá. Àwọn ìyá ọkọ tó ń ní kí ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dára, ẹ̀jẹ̀ ọmọ tiwọn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ àbíkú, kí ẹ má bínú sí mi. Ìyá mi bí méje. A sin mẹ́ta kí wọ́n tó pé ọdún méje. Mo rántí Kòsọ́kọ́ dáadáa, nítorí èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú bí ẹ̀kọ, á máa ké ní gbogbo òru. Wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́, wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi òkúta yìnyín ẹnu ọ̀nà wẹ̀ ẹ́ ní ìdájí, nínú òtútù ilẹ̀ wa yìí tí ẹ mọ̀. Nígbà tó kú, wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pè é. Nígbà tí ọmọ mi ń ka àwọn àmì àìsàn SS fún mi, tó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tó bá ń wú láti bí oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́ àkọ́kọ́, mo ní kó dúró ná. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tan àwọn bàbá wa jẹ. Ọmọ tuntun kì í ṣàìsàn yìí ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá láti inú oyún ṣì ń dáàbò bò ó. Ọmọ á sanra, á máa rẹ́rìn-ín. Tó bá di bí oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ á gba ipò, ìyọnu á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wá dáadáa, tó ń lọ lójijì. Lẹ́yìn náà, tọkọtaya kan náà á tún bí òmíràn pẹ̀lú ẹ̀wà kan náà lọ́wọ́ wọn, àìsàn kan náà á tún yọ. Ta ni kò ní sọ pé ẹni àná ló padà wá? Láàárín wọn, wọ́n á tún bí èyí tí ara rẹ̀ le koko, wọ́n á ní òun ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ dúró. N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n pè ní Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kúkọ̀yí láyé àtijọ́ ló jẹ́ SS. Ibà ẹ̀fọn àti ìgbóná pa ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n SS pọ̀ nínú wọn.

Ìdí tó fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ilẹ̀ òyìnbó lọ ni ẹ̀fọn. Dókítà kan tó ń jẹ́ Anthony Allison ló fi hàn ní 1954 pé ibà ẹ̀fọn kì í le lára ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe máa ń le lára ẹni tó jẹ́ AA. Nítorí náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn AS ti ń yè ju àwọn yòókù lọ níbi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí, wọ́n sì ń bímọ. Nínú ọmọ Nàìjíríà 4, bí 1 ló jẹ́ AS. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí ọmọ 150,000 là ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò sí orílẹ̀-èdè tó jù wá lọ.

Fíìmù kejì tí ọmọ mi mú wá, ti òyìnbó ni, Lorenzo's Oil, 1992. Òróró Lorenzo ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo, ẹ gbọ́ èyí. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Lorenzo Odone, tí wọ́n bí ní 1978, bàbá rẹ̀ Augusto jẹ́ ará Ítálì, ìyá rẹ̀ Michaela jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Wọ́n ti gbé ní erékùṣù Kòmórò, ní ìlà oòrùn Áfíríkà níbí. Ní 1984, wọ́n rí i pé ọmọ náà ní àrùn ọpọlọ kan tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, tí ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba ọpọlọ ọmọkùnrin jẹ́. Ara ìyá ni ìyẹn ti ń wá, ẹ wo irú ẹrù tí ìyá náà gbé lórí. Àwọn dókítà ní ọdún bíi méjì ló kù fún un.

Bàbá àti ìyá yìí kì í ṣe dókítà. Wọ́n kó wọ ilé ìkàwé. Wọ́n ń ka ìwé tí àwọn tó kàwé gan-an ń sá fún, wọ́n ń bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè títí àwọn yẹn fi ń bínú. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí bàbá arúgbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Don Suddaby, tó mọ iṣẹ́ òróró. Òun ló fún òróró náà fún wọn, láti ara irú òróró olífì àti òróró kan tí wọ́n ń rí lára èso ọ̀gbìn ilẹ̀ òyìnbó. Ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wálẹ̀. Ẹ má rò pé ó dìde o. Ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ kò padà. Orí ibùsùn ló wà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Kòmórò sì wá bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fún ní ọdún méjì, 2008 ló tó kú, ẹni ọdún 30. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2000. Nígbà tó sì di 2005, àwọn dókítà gbé àbájáde jáde pé òróró náà lè ran àwọn ọmọ tí àrùn ọ̀hún kò tíì fojú hàn lára wọn lọ́wọ́.

Mo ní kí ni tiwa nínú èyí? Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ wo orí àtẹ yín." Lóòótọ́, èlò ọbẹ̀ ni mò ń tà: ìyèré, kànáfùrù, irú, kanun. Ó wá sọ fún mi pé pásítọ̀ kan tó ń ṣe ìwòsàn ìbílẹ̀, Rẹ́fúrẹ́ǹdì P. O. Ògúnyalé, ọmọ Yorùbá, ní àgbo kan tí ìdílé wọn fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àrùn eegun yìí láti ìran dé ìran. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, dípò kó gbé e sin sínú ikùn, ó gbé e lọ fún ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdú, ní Àbújá, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Kí ló wà nínú rẹ̀? Hóró ìyèré. Kànáfùrù. Igi osùn. Ewé ọkà bàbà. Mo wo àtẹ mi, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Niprisan ni wọ́n pe oògùn náà. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn 82, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001: ìgbà tí ìrora ń kọlù wọ́n dín kù. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní Àbújá ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Kí ó tó di òpin 2008, Xechem ti wọ gbèsè, oògùn wọ́n lọ́jà, àwọn tó ti ń lò ó sì há sáàárín. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí oníbàárà yín ti sá lọ rí lẹ́yìn tí ẹ ti kó gbogbo owó lé ọjà kan, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Bákan náà ni orin àta tí ẹ fi ń rin ẹnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowóra àti ẹnì kejì rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ kọ ọ́ jáde ní 1971 pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń yí hóró ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà nínú ìgò. Òtìlí tí àwa Èkìtì ń sè jẹ náà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò.

Ẹ dúró ná, kí ẹ má sáré lọ pò ó. Inú ìgò ọ̀tọ̀, inú ọmọ ọ̀tọ̀. Oògùn tí wọ́n wọ̀n ní ìwọ̀n, tí wọ́n sì dán wò lára ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìyèré tí ẹ gún sínú ìgò ọtí. Mo sọ èyí nítorí pé ẹnì kan ń gbé ìgò kiri ọjà wa lọ́jọ́ ọjà, ó ní òun ń wo SS sàn pátápátá, kí wọ́n da tàbúlẹ́ẹ̀tì ọsibítù nù. Ìyá kan nínú wa gbọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní òru.

Kí ni ṣíṣe nígbà náà? Ohun tí ọmọ mi kà fún mi nìyí, mo sì ti bi nọ́ọ̀sì mìíràn léèrè kí n tó kọ ọ́. Kí ọmọ máa mu omi dáadáa, kó má dúró kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Kí ẹ fi aṣọ bò ó nígbà òtútù. Ẹ̀yin ará Ẹ̀fọ̀n tí ẹ ń pọn ọmọ wá sọ́jà nínú ìrì, tiyín ni mò ń wí jù. Kó máa sùn nínú àpò ẹ̀fọn, kó máa lo oògùn tí wọ́n fún un láti dènà ibà, àti fólíìkì lójoojúmọ́. Kó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni, ẹ má dúró di ọ̀la. Bí ikùn rẹ̀ bá wú lójijì, tó sì ń funfun lójú, tàbí tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, tàbí tí apá kan kò bá gbé mọ́, ẹ má pa iná ọbẹ̀ pàápàá kí ẹ tó jáde. Oògùn kan wà tí dókítà ń kọ, hydroxyurea, tó ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò pẹ̀lú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí wa ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì àti ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní Adó. Ní Èkó, ilé ìtọ́jú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1994 wà ní Ìdí-Àràbà.

Ìwòsàn gan-an wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Wọ́n lè mú mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn tó bá tirẹ̀ mu sí ọmọ náà lára. Ọsibítù yunifásítì Benin ṣe é ní 2011, àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Ní ìparí 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òmíràn tó ń tún ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ sí náírà jókòó kọ́kọ́.

Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá AA ni ènìyàn tàbí AS kò wọ́n. Kí àwọn ọmọ wa ṣe é kí ìfẹ́ tó wọra, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti ra aṣọ ẹbí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ: ilé mi ni ọ̀kan ti dàrú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdána. Ọmọ mi sunkún, ó bá mi bínú fún ọdún kan gbáko nítorí pé mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ rò ó. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n túká nígbẹ̀yìn. Ọmọ náà ni nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo kọ síbí yìí.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì méjì á wá bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá fẹ́. Ẹ mú àwọn ọmọ tó ti dàgbà dání. Lẹ́yìn ìyẹn la ó dìbò lórí owó ìrànlọ́wọ́. Ìyálọ́jà ní kò sẹ́ni tó máa dìbò láìjókòó gbọ́ àwọn nọ́ọ̀sì náà tán.

Ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde ní ọsibítù. Ìyá rẹ̀ á pàtẹ ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, níbi tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Ata rodo ló ń kó bọ̀.